Ọmọ Tí Ń Ṣọ́ Ìyá Rẹ̀

Àpèkẹ́ kì í lè jókòó pẹ́ ní kíláàsì. Bí tíṣà bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ á sì wà lójú wíńdò, níbi tó ti lè rí ọ̀nà tó já sí àdúgbò wọn nísàlẹ̀ òkè Ìdèrè. Kì í ṣe olódo. Nígbà tó wà ní pírámárì, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá ka ìwé fún àlejò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ara rẹ̀ nìkan ló ń wá sí kíláàsì. Ọkàn rẹ̀ wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ṣé wọ́n ti jí? Ṣé wọn ò fi iná sílẹ̀ lábẹ́ agbada? Ta ló máa lọ mú Ìyanu wálé?

Ìyanu ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ògúnrìndé, bàbá wọn, ń dáko, ó sì ń ṣọdẹ. Oko rẹ̀ jìnnà, ó wà lẹ́yìn Ayétẹ̀, nítorí náà abà ló ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀; ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Àyànkẹ́, ìyá wọn, ń dín gàárì. Nígbà tó fẹ́ bí Ìyanu, ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n ní láti là á nínú. Ohun tó fà á tí wọ́n fi sọ ọmọ náà ní Ìyanu nìyẹn. Àtìgbà náà ni ẹ̀yìn ti ń dun Àyànkẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń dín gàárì kò lè sọ pé òun ò ní bẹ̀rẹ̀. Ìdí iná ni yóò wà láti àárọ̀, ọwọ́ á máa lọ, ọwọ́ á máa bọ̀, èéfín á máa wọ̀ ọ́ lójú. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń dín gàárì ló kọ́kọ́ fún un ní tiramadọ́ọ̀, oògùn ìrora kan tó lágbára.

"Gbé eléyìí mì," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀yìn rẹ á gbàgbé pé òun ń dùn ọ́."

Ẹ̀yìn gbàgbé lóòótọ́. Lọ́jọ́ náà, Àyànkẹ́ dín gàárì bí ẹni ń ṣeré, ó ń kọrin, ó tún fọ aṣọ gbogbo ilé lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe di pé ó ń lò ó nìyẹn. Ó kọ́kọ́ ń lò ó nígbà tí ẹ̀yìn bá dùn ún. Nígbà tó yá, ó ń lò ó kí ẹ̀yìn má baà dùn ún. Nígbà tó tún yá sí i, kò rántí ẹ̀yìn mọ́ rárá. Oògùn ti di bárakú.

Kò sẹ́ni tó jókòó sọ èyí fún Àpèkẹ́. Ojú ló fi rí i, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi mọ ìyá rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń mọ ojú ọ̀run. Bí ìyá bá ń rẹ́rìn-ín lórí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín, tó sì ń fi èékánná họ apá àti ọrùn, oògùn wà lára rẹ̀. Bó bá ń jágbe mọ́ Ìyanu nítorí ṣíbí tó jábọ́, oògùn ti ń tán lára rẹ̀ nìyẹn. Bí ilé bá dákẹ́, ìyẹn ló burú jù. Àpèkẹ́ á sáré wọlé lọ wò ó bóyá ó ń mí.

Ọjọ́ kan wà tó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Àyànkẹ́ fà á mọ́ra, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, Àpèkẹ́. Bí bàbá yín bá gbọ́, á lé mi. Bó bá lé mi, ta ni yóò máa tọ́jú yín? Mi ò ní lò ó mọ́. Mo fi ọ́ búra."

Àpèkẹ́ gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì tún gbà á gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí kò gbà á gbọ́ mọ́, ó ṣì ń pa àṣírí náà mọ́. Bí aládùúgbò bá béèrè ìyá rẹ̀, á ní wọ́n lọ sọ́jà Tápà, tàbí pé ibà ló dé sí wọn. Ó ń wẹ Ìyanu, ó ń se ọbẹ̀, ó ń gba gàárì tó ń jóná lórí iná. Bí bàbá wọn bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, á rí ilé tó mọ́ tónítóní, á ní, "Ẹ kú ilé o." Òun náà kì í béèrè ohun tí ojú rẹ̀ kò bá rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ dáadáa, á ti gbé ìbọn kọ́ apá, á ti gba ọ̀nà oko lọ.

Tí wọ́n bá ti lu aago ìsinmi nílé-ẹ̀kọ́, Àpèkẹ́ á gba ibi tí ògiri ti wó jáde, á sáré délé, á yọjú wo ìyá rẹ̀, á tún sáré padà. Nígbà púpọ̀ ló ń pẹ́. Wọ́n á ní kó kúnlẹ̀ síta. Kò jọ ọ́ lójú. Ó kúkú sàn kó wà níta ju inú kíláàsì lọ. Àǹtí Làtíífàt, tíṣà wọn kan tó wá láti Ṣakí, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àpèkẹ́, kí ló ń lé ọ kiri?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ṣé ẹnì kan ń dà ọ́ láàmú ni?"

"Rárá, mà. Omi ni mo lọ mu."

Àǹtí Làtíífàt wo òógùn tó ń ṣàn lójú ọmọ náà, ó wo erùpẹ̀ tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Kò fagbára mú un. Ó kàn sọ pé, "Nígbàkígbà tí nǹkan kan bá wà, ibí ni mo wà." Àpèkẹ́ dúpẹ́, ó sì yára kúrò níwájú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà tú òun fó.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nígbà òjò, ara Ìyanu gbóná díẹ̀, kò sì lọ sí iléèwé. Àtàárọ̀ ni ọkàn Àpèkẹ́ kò ti balẹ̀. Bí wọ́n ti lu aago ìsinmi, ó fò jáde. Láti ẹ̀yìnkùlé ló ti ń gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jó. Ó yí igun ilé.

Ìyá rẹ̀ jókòó nídìí iná, ó fẹ̀yìn ti ògiri, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sílẹ̀, ẹnu là sílẹ̀. Etí ìró rẹ̀ ti wọ inú ẹyín iná, ó ń rú èéfín. Ìyanu gun orí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó fọwọ́ kékeré méjèèjì di igbá tí wọ́n fi ń ro gàárì mú, ó ń rò ó. Ìgbésẹ̀ kan péré ló kù kí ọmọ náà ṣubú sínú agbada gbígbóná.

"Ìyanu, má mira," ni Àpèkẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò dún sókè rárá.

"Màámi ń sùn," ni Ìyanu dáhùn. "Mi ò fẹ́ kí gàárì jóná kí wọ́n má baà sunkún."

Àpèkẹ́ gbé e kúrò lórí búlọ́ọ̀kù. Ó gbé korobá omi, ó dà á sórí ìró ìyá rẹ̀ àti iná pọ̀. Eérú gbá sókè. Àyànkẹ́ la ojú, ó wò wọ́n bí ẹni tó ń wo àlejò, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ta ló ní kí ẹ pa iná mi?"

Ẹ̀rín yẹn ni Àpèkẹ́ kò lè fara dà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ pààrọ̀ aṣọ tó sì tún sùn lọ lórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí oògùn náà wà. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo inú àpò ẹ̀lùbọ́. Inú agolo mílíìkì tó wà lẹ́yìn àpótí aṣọ ló ti rí i. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì dà á sínú ṣáláńgá. Kò padà síléèwé lọ́jọ́ náà. Ó jókòó síwájú ilé, ó fi Ìyanu sáàárín ẹsẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ń rò ó pé bóyá ó ti parí nìyẹn.

Kò parí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, Àyànkẹ́ tú ilé kalẹ̀ bí ilé tí olè jà. Ó da àpótí aṣọ sílẹ̀, ó tú ẹ̀lùbọ́ dà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àpèkẹ́, kí lo rí nínú agolo yìí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Má parọ́ fún mi o!"

"Mi ò rí i, Màámi."

Àyànkẹ́ sáré jáde lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á fún un, ṣùgbọ́n onítọ̀hún ti gbọ́ pé àwọn agbófinró ń bọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ti fi ìlú sílẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ti ń gbọ̀n. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ń mú un. Imú rẹ̀ ń ṣàn, ó ń yán léraléra, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ká jọ sórí ilẹ̀, ó di ikùn mú, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ìyanu bú sẹ́kún.

Àpèkẹ́ dúró láàárín yàrá. Ó gbé omi wá, ìyá rẹ̀ bì í padà. Ó bu aṣọ lé e, ìyá rẹ̀ fà á dànù. Ó jáde dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wọlé, ó tún jáde. Bàbá wọn kò ní dé títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá pe aládùúgbò, àṣírí tú. Bí kò bá pè wọ́n, ìyá ń kú lọ. Nígbẹ̀yìn, ó gbé Ìyanu sọ́dọ̀ ìyá arúgbó tó wà nílé kejì, ó ní òun ń bọ̀. Ó sáré gba ọ̀nà iléèwé láìwọ bàtà.

Ẹnu géètì ni Àǹtí Làtíífàt ti rí i.

"Àpèkẹ́! Kí ló dé? Bàtà rẹ dà?"

Àpèkẹ́ di irin géètì mú. Ó ti parọ́ pẹ́ débi pé òtítọ́ kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde mọ́.

"Mo ti pa ìyá mi, mà."

Àǹtí Làtíífàt kò pariwo. Ó di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Nílé. Oògùn wọn ni mo dànù. Mo rò pé bí mo bá dà á nù... Mo rò pé wọ́n á jáwọ́ níbẹ̀."

"Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí o kúrò níbẹ̀?"

"Wọ́n ń sunkún."

"Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn délé, òun náà ló gbé àwọn méjèèjì àti Àyànkẹ́ lọ sí ọsibítù kan ní Ìgbó-Ọrà. Ní gbogbo ọ̀nà, orí ìyá wà lórí itan Àǹtí Làtíífàt, Àpèkẹ́ sì ń ka èémí rẹ̀ lọ́kàn, ìkan-ìkan, bí ẹni pé bóun bá dákẹ́, èémí náà á dúró.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ń jẹ́ Keturah, obìnrin tó sanra, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Wọ́n fa omi sí Àyànkẹ́ lára, wọ́n fún un lóògùn tó dá èébì dúró. Lẹ́yìn náà, Nọ́ọ̀sì Keturah jáde wá bá Àpèkẹ́ lórí bẹ́ńṣì.

"Ìyá rẹ ò kú. Kò sì ní kú lórí eléyìí. Tiramadọ́ọ̀ tó ti mọ́ ọn lára ló ń já lára rẹ̀. Ó le, ṣùgbọ́n á kọjá."

"Ṣé èmi ni mo fà á?"

"Ìwọ kọ́."

"Èmi ni mo da oògùn nù."

"Mo ti gbọ́. Ohun tí ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ lè rò láti ṣe lo ṣe. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa: àìsàn ni èyí. Ìwọ kọ́ lo kó o ràn án. Kì í ṣe iṣẹ́ tìrẹ náà láti wò ó sàn. Iṣẹ́ àwa àgbà ni."

Àpèkẹ́ mi orí bí ẹni pé ó gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ ibì kankan nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àwọn àgbà, àwọn àgbà náà dà láti ọjọ́ yìí?

Ìrọ̀lẹ́ ni Ògúnrìndé dé ọsibítù, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Aládùúgbò kan tó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú àsọdùn. Ó kí Àǹtí Làtíífàt tán, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ta ló ní kí o gbé ọ̀rọ̀ ilé mi síta? O ò lè dúró dè mí ni? Gbogbo Ìdèrè ló ń pè mí ní ọkọ olóògùn báyìí!"

Àpèkẹ́ gbójú sókè wò ó. Kò dáhùnpadà sí bàbá rẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Bàámi, ẹ mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀?"

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń lo nǹkan. Ẹ máa ń lọ kí wọ́n tó jí kí ẹ má baà rí i. Èmi ni ẹ ń fi wọ́n sílẹ̀ fún."

Àǹtí Làtíífàt yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ògúnrìndé gbé ọwọ́ sókè, àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ó fẹ́ gbá ọmọ náà létí. Fìlà rẹ̀ ló ṣí. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó fi fìlà náà sórí orúnkún, ó sì wò ó títí.

"Mo rò pé àárẹ̀ ni," ló wí. Ó mi orí, ó ní, "Rárá. N kò rò bẹ́ẹ̀."

Láti Ìgbó-Ọrà, wọ́n gbé Àyànkẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ògúnrìndé fi abà sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó padà wá gbé nílé. Èèyàn á rò pé ara á tu Àpèkẹ́ nígbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ mọ́, ara rẹ̀ kò sì mọ ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Bí bàbá rẹ̀ bá wẹ Ìyanu, á tún un wẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá se ọbẹ̀, á ní iyọ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n á máa jà sí i. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á fò dìde.

Nọ́ọ̀sì Keturah ní kó máa wá bá òun sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ọjà Ìgbó-Ọrà, Àǹtí Làtíífàt ló sì ń mú un lọ. Ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́, ó kàn ń já fóòmù inú àga wẹ́wẹ́, Nọ́ọ̀sì náà sì ń wò ó, kò bá a wí. Ìgbà kan ló wá béèrè pé:

"Báwo ni inú rẹ ṣe rí lónìí?"

"Inú ń bí mi."

"Sí ta?"

"Sí Màámi. Sí Bàámi. Sí ẹ̀yin náà."

"Ó dáa," ni Nọ́ọ̀sì Keturah wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti orí mi." Àpèkẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí tí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tí wọ́n ń hú iṣu titun ni Àyànkẹ́ padà dé. Ó ti rù, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere, ojú ẹni tó rí gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìyanu sáré dì mọ́ ọn. Àpèkẹ́ kúnlẹ̀ kí i láti ẹnu ọ̀nà, kò sún mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ kò pè é.

Kò rọrùn. Ìgbà kan wà tí Àyànkẹ́ rí oògùn náà, tó sì tún lò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọkọ rẹ̀, tó sọ fún un, wọ́n sì jọ padà lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Keturah. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Ògúnrìndé jókòó ti Àpèkẹ́, tó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, tí Àpèkẹ́ àti ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, kí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ tó já jáde.

"Nígbà mìíràn, mo máa ń kórìíra yín," ló wí. Kò gbé ojú sókè.

Ọ̀bẹ Àyànkẹ́ dúró. "Mo mọ̀."

"Ìyanu ì bá ti jóná."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i."

"Ẹ fi mí búra! Ẹ fi orí mi búra, ẹ sì tún lò ó!" Àpèkẹ́ ti dìde, ó ń pariwo, ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jábọ́ sínú erùpẹ̀. Ìyanu yọjú láti inú ilé. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́, kò sì bìkítà.

Àyànkẹ́ kò ní kó dákẹ́. Kò sunkún kí ọmọ má baà di ẹni tí yóò tún máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó dúró títí ọmọ fi parí.

"N kò ní fi ọ́ búra mọ́," ló wí. "N kò tilẹ̀ ní búra rárá. Ó ń wù mí lò, n kò ní purọ́ fún ọ. Bó bá tún bá mi, bàbá rẹ ni màá sọ fún, màá sì sọ fún Nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ìwọ ni màá gbé e rù mọ́."

Àpèkẹ́ mú ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀. Inú ṣì ń bí i. Ó jókòó, ṣùgbọ́n kò jókòó sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀ díẹ̀, sí ibi tí òjìji ilé dé. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, òjò ṣú láti apá Ayétẹ̀, atẹ́gùn gbé èèpo ẹ̀gẹ́ kiri. Àpèkẹ́ sáré gbá etí agbọ̀n tí wọ́n ń kó ẹ̀gẹ́ sí mú láti gbé e wọlé.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bàbá yín á gbé e."

Ògúnrìndé jáde wá, ó gbé agbọ̀n náà, ó ń kùn pé ó wúwo. Àpèkẹ́ dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń kó ẹrù sá fún òjò.